Bíréèkì Iwájú Tó Kọ̀ Láti Jọ̀wọ́

Ẹ má sọ fún mi pé ẹ mọ olóríkunkun, tí ẹ ò bá tíì rí Ẹ̀gbọ́n Kun-mu níbi tó ti ń tún alùpùpù rẹ̀ ṣe. Òwúrọ̀ ọjọ́ tí gbogbo ìlú wa, Dounan, ń múra láti lọ tún ibojì àwọn òbí wọn ṣe ni, òjò sì ti rọ̀ mọ́jú. Ilé wa dojú kọra. Èmi jókòó sẹ́nu ọ̀nà tèmi, mò ń bó aáyù. Òun dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú táyà, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bẹ àna.

Ọdún kan náà ni alùpùpù yẹn àti Hui-ting, ọmọ rẹ̀ obìnrin, dé inú ilé náà. Bíréèkì iwájú rẹ̀ ló wá ń ṣe bó ṣe wù ú. Bí òjò bá ti rọ̀, á di táyà mú, kò ní jọ̀wọ́. Bí oòrùn bá ràn dáadáa, á dẹ̀. Láìpẹ́ yìí ló dá ọkùnrin náà dúró láàárín oríta, díẹ̀ báyìí ló kù kí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn gbá a. Ọ̀rọ̀ náà dé etí Hui-ting ní Taipei, ó sì bínú wálé.

"Bàbá, mi ò bá yín jà," ó ní. "Ọkọ̀ àwọn tó ń ra ògbólógbòó ẹrù máa kọjá níbí lónìí. Tí táyà yẹn ò bá tíì yí kó tó dé, mò ń gbé alùpùpù yẹn fún wọn."

"Ṣé ìwọ lo bí mi ni?"

"Rárá o. Ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n máa pè láti ọsibítù."

Ẹ̀gbọ́n mú sípánà. Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Láìsí alùpùpù yẹn, kò lè dé oko, kò sì lè dé etí òkun lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń pẹja. Àga iwájú tẹlifíṣọ̀n ló kù fún un, ibẹ̀ ni mo sì ti rí i tí ọkọ tèmi gbó láàárín ọdún kan.

Ó tú ẹnu bíréèkì, irin tó máa ń fún abọ́ irin ara táyà mọ́ra. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ gbogbo inú rẹ̀. Mo dá búrọ́ọ̀ṣì náà mọ̀, ti ìyàwó rẹ̀ ni.

"Ó ti dípẹtà ni," mo ní. "Mo ti sọ fún yín tipẹ́."

"Jin-zhu, bó aáyù rẹ."

"Aáyù mi ń bó. Ṣé táyà tiyín ń yí?"

Ó to gbogbo rẹ̀ padà, ó tẹ ọwọ́ bíréèkì, ó tú u sílẹ̀. Táyà ò mira. Ó tún tú u, ó tún tò ó. Pàbó ló já sí. Ibi tó ti ń nu òógùn ni ohùn obìnrin inú gbohùngbohùn ọkọ̀ ògbólógbòó ẹrù ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké láti òpópó kejì: "Ẹ gbé alùpùpù tó bàjẹ́ wá! Ẹ gbé fíríìjì wá! Ẹ gbé tẹlifíṣọ̀n wá!"

Ìbínú ló là á lójú. Ó ki sípánà bọ nọ́ọ̀tì kékeré tí wọ́n fi ń tú òróró bíréèkì, ó tú u. Òróró ta sí i láyà, táyà sì yí geere.

"Ìsàlẹ̀ kọ́ ló ti bàjẹ́!" ó kígbe. "Òróró ń sọ̀ kalẹ̀, kò rí ọ̀nà gòkè padà. Nǹkan kan ń tẹ bíréèkì yìí nígbà tí èmi ò tẹ̀ ẹ́."

Àwa méjèèjì wo òkè. Ta ló tún rí ọwọ́ bíréèkì? Ońdè ló bò ó. Kò sí tẹ́ḿpìlì Mazu, òrìṣà òkun, tí A-Luan ìyàwó rẹ̀ dé tí kì í gba ońdè bọ̀, àpò aṣọ pupa kékeré tí eérú tùràrí wà nínú rẹ̀, á sì so ó mọ́ ibẹ̀. Gbogbo wa náà ń ṣe é, ṣùgbọ́n ti Ẹ̀gbọ́n ti tó ìdì ẹ̀fọ́. Èyí tó gbẹ̀yìn ni wọ́n fi okùn òwú so yí ọwọ́ bíréèkì àti irin ọwọ́ alùpùpù pọ̀, gbagbaagba. Bí òjò bá pa okùn náà, á súnkì, á fa bíréèkì mọ́ra. Bó bá gbẹ, á dẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín títí aáyù fi dànù lẹ́sẹ̀ mi. "Ẹ̀gbọ́n, àwọn òrìṣà ló di yín mú!"

Ó mú piláyà. Àfi bí A-Luan ṣe yọ láti ilé ìdáná, ó ń tiro, ẹ̀pà lílọ̀ kún ọwọ́ rẹ̀, Hui-ting sì tẹ̀ lé e.

"Bàbá Hui-ting! Ońdè Mazu lẹ fẹ́ fi piláyà gé?"

"Òun ló ń di táyà mi mú! Ta ló so ó báyìí, bí ẹni so ewúrẹ́?"

"Èmi ni." A-Luan nu ọwọ́ sí aṣọ rẹ̀. "Àwọn yòókù, mo bẹ Mazu pé kó máa ṣọ́ yín lójú ọ̀nà. Eléyìí, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kẹ́ ẹ máa jókòó sílé."

Ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu.

"Látìgbà tí orúnkún mi ò ti jẹ́ kí n lè gun alùpùpù lẹ́yìn yín mọ́," ó ní, "ẹ ò bojú wẹ̀yìn rí. Ẹ á lọ láàárọ̀, ó di ìrọ̀lẹ́. Èmi nìkan ni mò ń jẹun."

"O ò sọ fún mi."

"Ṣé ẹ bi mí ni?"

Ọkọ̀ náà ti dúró sẹ́nu ọ̀nà wa. Awakọ̀ yọ orí síta: "Èwo la fẹ́ gbé?" Hui-ting wo ìyá rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Kun-mu sọ piláyà sílẹ̀. Láyé mi, mi ò rí i kí ọkùnrin yẹn gbà fún ẹnikẹ́ni rí. "Ìwọ lo so ó," ó ní. "Tó o bá fẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, kí wọ́n máa gbé e lọ, tòun tońdè."

A-Luan wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sídìí ọwọ́ bíréèkì, ó fi eyín tú kókó náà, ó sì so ońdè mọ́ ọrùn ara rẹ̀.

"Ibojì ìyá yín jìnnà sí ibí," ó ní. "Ta ló máa gbé ẹsẹ̀ mi kọjá àga alùpùpù yìí?"

Ẹ̀gbọ́n sáré di nọ́ọ̀tì, ó rọ òróró tuntun, ó ń tẹ bíréèkì títí afẹ́fẹ́ fi tán nínú rẹ̀. Hui-ting gbé ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ó ń kùn sí àwọn méjèèjì. Èmi tì í láti ẹ̀yìn, A-Luan ń pariwo pé kí n gbé ọwọ́ aáyù kúrò lára aṣọ òun. Awakọ̀ tó wá gbé alùpùpù lọ ló di iwájú rẹ̀ mú fún wa kó má ṣubú. Nígbà tí A-Luan jókòó tán, Hui-ting dé akoto fún un, ojú ọmọ náà sì ti pọ́n.

Wọ́n lọ jẹ́jẹ́. Nígbà tí wọ́n dé kọ́nà, Ẹ̀gbọ́n tẹ bíréèkì iwájú láti dán an wò, alùpùpù sì dúró. Ìyàwó rẹ̀ gbá a léjìká.

"Kí lẹ dúró ṣe? Ẹ máa lọ jàre!"