Ta Ló Ń Jẹ Oúnjẹ Ilé Yìí?

Bí agogo ilé-ìwé bá ti lù ní aago méjì ọ̀sán ni ẹ̀rù máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ba ọmọbìnrin kan. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa tú jáde tariwo-tariwo, òun á máa wọ́ ẹsẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ìyá rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí wọ́n jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà ti lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú tó jìnnà. Ọkọ̀ akẹ́rù ni bàbá rẹ̀ ń wà, ó lè lo ọjọ́ mẹ́rin lójú títì kó tó wálé. Bí ọmọ náà bá ti ṣílẹ̀kùn, kò sí ẹni tí yóò kí i káàbọ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó kàn fẹ́ gé búrẹ́dì díẹ̀ jẹ ni. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, odidi búrẹ́dì ti tán, ó ti kan ìrẹsì tútù inú ìkòkò, ó ti ń bu ṣúgà sẹ́nu. Ebi kọ́ ló ń pa á. Ó kàn jẹ́ pé bí ẹnu bá ń jẹ, ọkàn kì í ráyè ro nǹkan mìíràn. Nígbà tó dáwọ́ dúró, ikùn rẹ̀ le bí òkúta, ojú tì í bí ẹni tó rìn níhòòhò já ọjà. Ó sá wọ balùwẹ̀, ó ti ìka bọ ọ̀nà ọ̀fun títí ó fi bì. Ó búra pé òun ò ní ṣe é mọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó tún ṣe é.

Ẹnì kan ṣoṣo tó máa ń bá a tàkúrọ̀sọ ni ìyá alágbàfọ̀, tó ń wá fọ aṣọ wọn ní gbogbo Ọjọ́rú, tó sì ní kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́.

"Wo ṣòkòtò bàbá ẹ," á wí. "Ìdọ̀tí ọjọ́ mẹ́rin! Ó lè dá rìn lọ síbi iṣẹ́ láìsí ẹsẹ̀ nínú ẹ̀."

Ọmọ náà á rẹ́rìn-ín. Ní Ọjọ́rú, oúnjẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ wù ú.

Lọ́jọ́ kan, bàbá dé, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹyin, mílíìkì, bisikíìtì, gbogbo ohun tó rà sílẹ̀ ti dàwátì.

"Ta ló ń jẹ oúnjẹ ilé yìí?"

"Mi ò mọ̀, sà."

"Ìwọ nìkan ò lè jẹ gbogbo èyí. Ta ló tún ní kọ́kọ́rọ́?"

Ọmọ náà rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, ó sì yára wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Nígbà tí ìyá alágbàfọ̀ dé ní Ọjọ́rú, ẹnu ọ̀nà ni bàbá ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní bí oúnjẹ bá tún sọnù, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni òun ń lọ.

"Bàbá Nọ́ọ̀sì," obìnrin náà wí, "ọdún mẹ́fà ni mo ti ń bá owó nínú àpò aṣọ yín, tí mo ń kó o fún yín. Ṣé búrẹ́dì ni mo wá fẹ́ jí?"

Ó wo ọmọ náà, tó fara pamọ́ sẹ́yìn kọ́tìnì. Ọmọ náà fa kọ́tìnì bojú.

Láti ọjọ́ náà, obìnrin náà kò wá mọ́, Ọjọ́rú dà bí ọjọ́ yòókù. Ọmọ náà wá ń ra oúnjẹ pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú balùwẹ̀, ó rí ẹ̀jẹ̀ nínú ohun tó bì. Àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì, á dúró díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Ó di ògiri mú. Ó rò ó pé bí òun bá ṣubú síbí, ọjọ́ mẹ́rin ni kí ẹnikẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn. Ìyẹn bà á lẹ́rù ju ẹ̀jẹ̀ lọ. Ó pe bàbá rẹ̀.

"Kì í ṣe ìyá alágbàfọ̀, sà. Èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni mò ń jẹ ẹ́. Mo máa ń jẹ gbogbo ẹ̀, màá wá bì í. Ẹ̀jẹ̀ ti ń bá a jáde. Ẹ̀rù ń bà mí."

Ó gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kú.

"Bọ́ síta," bàbá wí. "Jókòó síbi táwọn èèyàn á ti máa rí ẹ. Mò ń rán ẹnì kan sí ẹ."

Ta ni yóò rán? Ẹnì kan ṣoṣo tó mọ̀ ládùúgbò ni èyí tó pè lólè. Ó pè é. Obìnrin náà dé pẹ̀lú ọṣẹ lápá, kò tiẹ̀ ráyè fi omi ṣàn án.

"Dìde, ọmọ mi. Di ọwọ́ mi mú."

Ní ilé ìwòsàn, dókítà ní ọ̀fun ló bó, yóò san. Ó ní ohun tó ń mú un ṣe é ló máa gba àkókò, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kó máa dá jẹun.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni bàbá dé. Ó ṣí fìlà, ó dúró níwájú obìnrin náà, ó la ẹnu.

"Ẹ má bẹ̀ mí níbí, ọmọ ń sùn," ìyá alágbàfọ̀ wí. "Ẹ ó bẹ̀ mí dáadáa o, ṣùgbọ́n ó di ọjọ́ mìíràn."

Ó ti di oṣù mẹ́jọ báyìí. Bàbá ti gba iṣẹ́ inú ìlú, ìrọ̀lẹ́ ló ń dé. Ọ̀dọ̀ ìyá alágbàfọ̀ ni ọmọ náà ń lọ lẹ́yìn ilé-ìwé, ó ń bá a sá aṣọ. Àwọn ọjọ́ kan ṣì burú. Ó ti tún ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Bí òun àti bàbá bá jẹun tán nírọ̀lẹ́, wọn á ṣì jókòó síbẹ̀ kí oúnjẹ lè dà, àwo òfìfo níwájú wọn. Bàbá á máa yọ́ ojú wo ọmọ, ọmọ á máa wo ilẹ̀kùn balùwẹ̀. Kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ dìde.