Ẹjọ́ Tí Alága Dá Lọ́jọ́sí

Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Alága ẹgbẹ́ télọ̀ ti gbàgbé pátápátá. Akọ̀wé ò gbàgbé o, kí ló fẹ́ mú un gbàgbé?

Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn ni bàbá rẹ̀ kú. Ẹgbẹ́ ló ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù, òun ló sì ń pín in. Nígbà tí akọ̀wé lọ bẹ̀bẹ̀ fún kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, Alága wò ó láti òkè délẹ̀.

“Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́?”

Ó ní ọ̀gá kan ládùúgbò kejì ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo télọ̀ ń ṣe: wọn kì í kọ́ ọmọ tiwọn fúnra wọn, kí ìkẹ́ má bàa bà á jẹ́. Alága ní, “Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù nìkan ló lè jogún rẹ̀. Bí a ó ṣe máa dá a nìyẹn láti òní lọ.” Ló bá gbé ṣọ́ọ̀bù fún àbúrò ìyàwó rẹ̀, tó fi oṣù mẹ́ta péré kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Ìwà ìkà gbáà! Abẹ́ àtẹ̀gùn ni ọmọ olóògbé gbé máṣíìnì tirẹ̀ sí, níbi tí kò ti lè nàró. Nígbà tí ẹgbẹ́ ń wá akọ̀wé, òun ló kọ́kọ́ nawọ́, nítorí ìwé tí wọ́n kọ ẹjọ́ yẹn sí.

Ní báyìí, ọwọ́ Alága ń gbọ̀n, kò lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́. Ó mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá sípàdé kí wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù òun lé e lọ́wọ́.

Akọ̀wé dìde. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló kọ́ ọmọ yín níṣẹ́?”

Alága ní ọ̀gá kan níbòmíràn ni. Akọ̀wé ṣí ìwé síbi ẹjọ́ ọjọ́sí, ó sì kà á sókè ketekete.

Alága ní, “Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn.”

“Ìdí tá a fi kọ ọ́ sílẹ̀ nìyẹn sà.”

Ìyá Àgbà, tó dàgbà jù láàárín wọn, dá sí i. “Àwa la dá a, a lè yí i padà. Tá a bá sì yí i fún ọmọ Alága, a máa yí i fún ìwọ náà. Ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ á padà sọ́wọ́ rẹ lónìí.”

Wọ́n dìbò. Mẹ́sàn-án ní kí wọ́n yí i, mẹ́sàn-án ní rárá. Ó wá ku ìbò akọ̀wé.

Ọmọ Alága kúnlẹ̀. “Àǹtí, ẹ ṣàánú mi. Èmi kọ́ ni mo ṣẹ̀ yín.”

Òótọ́ ni, akọ̀wé sì mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó fẹ́ ṣọ́ọ̀bù yẹn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Àfi bó ṣe wo Alága, tó rí i tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni pé wọ́n ti parí ẹ̀. Akọ̀wé nu ojú rẹ̀.

“Ẹ jẹ́ kó dúró bó ṣe wà.”

Alága bú sẹ́kún lójú gbogbo ènìyàn. Ó dùn mọ́ akọ̀wé dọ́kàn! Ó jókòó, ó ń kọ ẹjọ́ náà sínú ìwé, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tí ìbò rẹ̀ dá ẹjọ́ sí, ó kọ orúkọ ara rẹ̀, bí orúkọ Alága ṣe wà lábẹ́ ẹjọ́ ọjọ́sí.