Etí Ọkọ Mi Lára Ẹyin

Ìyá ọkọ mi mọ ọpẹ́ dú ju bó ṣe yẹ lọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti wá kí wa, bí mo bá gbé omi fún wọn, wọ́n á dúpẹ́. Bí mo bá ṣí fèrèsé, wọ́n á dúpẹ́. "Ẹ ṣeun, ìyàwó wa. Ẹ má ṣe wàhálà nítorí tèmi." Wọ́n ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀, èmi tí wọ́n lè bí lọ́mọ! Ó máa ń bí mi nínú, nítorí mo mọ ohun tó wà nídìí ẹ̀. Àlejò ni wọ́n ka ara wọn sí, àlejò a sì máa lọ.

Bẹ́ẹ̀ a ò fẹ́ kí wọ́n lọ. Àwọn nìkan ló ń dá gbé nílé wọn lọ́hùn-ún. Wọ́n ti ṣubú ní balùwẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ilẹ̀ ibẹ̀ náà ni wọ́n wà títí aládùúgbò fi gbọ́ igbe wọn. Ọkọ mi bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n wá máa gbé ọ̀dọ̀ wa, èsì kan náà ni: "Mi ò fẹ́ di ẹrù sí yín lọ́rùn." Ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ sọ ọ́ di aláìsàn.

Nígbà tí ọdún Àjíǹde ku ọ̀la, ọmọ mi obìnrin, tí a ń pè ní Ọ̀gá Kékeré, ní dandan ni ká fi bébà ṣe ẹyin lọ́ṣọ̀ọ́ bí àwọn òyìnbó ṣe máa ń ṣe lọ́dún náà, kí ẹyin kọ̀ọ̀kan sì jọ ẹnì kan nínú ilé. Ta ni mo jẹ́ tí n óò fi bá ọ̀gá jiyàn? Mo se ẹyin títí ó fi le, mo rì í sómi tútù, mo nù ún gbẹ. Mo kó síṣọ́ọ̀sì, gọ́ọ̀mù àti bébà aláràbarà sórí tábìlì. A gé páálí tẹ́ẹ́rẹ́, a ká a bí òrùka kí ẹyin lè rí nǹkan jókòó lé. Ọ̀gá Kékeré fẹ́ kọ́kọ́ ṣe ti ìyá àgbà rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní ká ṣe ti onílé ná. Wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń wò wá bí ẹni tó ń dúró de mọ́tò.

Irun bébà dúdú tí mo gé fún ẹyin tèmi dára. Onídìrí ni mí, irun kì í bà mí lẹ́rù. Ọ̀gá Kékeré lẹ imú pupa mọ́ tirẹ̀, ó ní ọ̀fìnkìn ló ń ṣe é. Ó wá ku ti bàbá rẹ̀, tó ṣiṣẹ́ alẹ́ dé láti ilé tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì, tó ń sùn ní yàrá. Mo gé etí méjì, mo jẹ́ kó fẹ̀ dáadáa, nítorí ká sọ tòótọ́, etí ọkọ mi tóbi. Ọ̀gá Kékeré rí i, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ̀ bọ́ lórí àga.

"Kí nìyẹn?"

Mo yíjú. Ìyá ọkọ mi ti dìde.

"Bàbá ẹ̀ ni, Mọ́mì."

"Bàbá ta? Ta ló sọ fún ẹ pé etí ọmọ mi rí báyìí? Ṣé ehoro ni mo bí ni?"

"Mọ́mì, ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ pé ó tóbi díẹ̀."

"Ó tóbi nílé ta? Gbé síṣọ́ọ̀sì yẹn wá. Sún, sún sọ́hùn-ún! Wo bó ṣe da gọ́ọ̀mù sórí ẹyin bí ẹni ń rẹ́lé! Ìkánjú ẹ ti pọ̀ jù."

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èsì ti dé orí ahọ́n mi, mo gbé e mì. Wọ́n ya etí tí mo lẹ̀ dànù, wọ́n jókòó sáàárín wa, wọ́n gé òmíràn. Nígbà tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ tán, kí n má parọ́, etí tuntun yẹn tóbi ju tèmi lọ. Ọ̀gá Kékeré lanu láti sọ̀rọ̀, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

"Báyìí lorí ọmọ mi ṣe rí," ni wọ́n wí. "Ìwọ, wá nu tábìlì yìí kí gọ́ọ̀mù tó gan. Tó bá dọ̀la, a máa tún àwọn ìkòkò ilé ìdáná yẹn tò. Bí o ṣe tò wọ́n yẹn ò bójú mu rárá, ó ti ń bí mi nínú láti ọjọ́ yìí."

Mo sáré wọ yàrá, mo jí ọkọ mi.

"Mọ́mì ń bú mi."

Ó dìde jókòó. "Wọ́n bú ẹ?"

"Wọ́n bú mi dáadáa! Wọ́n ní ìkánjú mi pọ̀. Wọ́n ní ilé ìdáná mi ò bójú mu, pé àwọn máa tún un tò."

Ó tẹ́tí sílẹ̀. Ohùn ìyá rẹ̀ ń bọ̀ láti pálọ̀, wọ́n ń bèèrè bóyá mo ti lọ sùn ni.

"Ọpẹ́ o," ni ọkọ mi wí, omi lé ròrò sí i lójú. "Tètè lọ dá wọn lóhùn, àlejò kì í tún ìkòkò onílé tò."