Yàrá Tí Kò Ní Fèrèsé

Ẹ má sọ fún mi pé kí n farabalẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ bẹ́ẹ̀ fún mi nínú ilé wa, n kò sì tíì rí ọjọ́ kan tí ìfarabalẹ̀ bá mi ṣe nǹkan kan. Ata ni wọ́n ń pè mí, èmi àbíkẹ́yìn ìyá mi, mo sì ti gbà pé orúkọ náà yẹ mí. Àga ni mò ń tún ṣe. Mo máa ń bọ́ aṣọ ògbólógbòó kúrò lára àga, màá pààrọ̀ fóòmù rẹ̀, màá sì fi aṣọ tuntun bò ó. Ẹni tó bá ti ń kan ìṣó mọ́ igi láti àárọ̀ kò lè máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń rẹ ọmọ sùn.

Ohun tó bí mi nínú rèé. Ojú ìyá wa ń lọ. Dókítà ojú pe àwa ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó, ó ní àìsàn tó wà nídìí ẹyinjú wọn ti kọjá oògùn, pé ohun tí wọn kò bá rí láàárín ọdún yìí, kí a má retí pé wọ́n á tún rí i mọ́. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, ó sì pe ẹni tó kàn wọlé.

Nígbà tí a délé, Alága bi ìyá wa pé kí ni wọ́n fẹ́ rí. Alága ni ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin. Ọ̀gá ilé-ìwé ni wọ́n, kò sì sí ìpàdé tí wọn kì í ṣe alága rẹ̀, ìbáà jẹ́ ìpàdé èèyàn méjì. Ìyá wa kò tilẹ̀ ronú. Wọ́n ní, "Òkè funfun inú kàlẹ́ńdà yẹn."

Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ìyá wa fọ aṣọ ilé ìwòsàn títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Abẹ́ ilé ni yàrá ìfọṣọ náà wà, kò ní fèrèsé kankan, iná mànàmáná ni oòrùn ibẹ̀. Ẹnì kan ti lẹ kàlẹ́ńdà kan mọ́ ògiri: òkè yìnyín tó ga fíofío, tó dúró sínú omi aláwọ̀ aró. Ọdún inú kàlẹ́ńdà náà kọjá lọ, ìyá wa kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni já a. Bí a bá lọ gbé oúnjẹ fún wọn nígbà tí a wà lọ́mọdé, wọ́n á nàka sí i, wọ́n á ní, "Ẹ wá wo fèrèsé mi."

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà rọrùn. Òkè náà wà láyé, ọkọ̀ ìgbafẹ́ sì ń lọ síbẹ̀. Kí ẹnì kan gbé ìyá wa wọ ọkọ̀, ó parí. Àmọ́ ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí, ọmọ mẹ́ta sì mú ọkọ̀ mẹ́ta.

Alága ní ọkọ̀ ńlá ni. Àwọn tó ni ọkọ̀ tí Alága mú ń fọ́nnu pé odindi ìlú ni: àjà lórí àjà, ilé sinimá, adágún ìlúwẹ̀ẹ́, ibi tí àwọn ọmọdé ti ń yọ̀ láti òkè já sínú omi, ṣọ́ọ̀bù lọ́tùn-ún lósì. Mo bi Alága pé níbo ni òkè funfun wà nínú gbogbo ìyẹn. Wọ́n ní a óò rí i lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹni tí kò dá èèyàn mọ̀ mọ́ láti ẹnu ọ̀nà ni wọ́n fẹ́ fi nǹkan hàn lọ́ọ̀ọ́kán. Ọkọ̀ tó tóbi tó yẹn kò lè wọ ọ̀nà omi tóóró tó wà láàárín àwọn òkè. Ẹ̀yìn ni yóò dúró sí, gbogbo èrò á rọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n á máa fi ìgúnpá gún ara wọn.

Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin, Onídìrí, mú ọkọ̀ àárín. N kò retí nǹkan mìíràn lọ́dọ̀ wọn. Bí ẹ bá bi wọ́n bóyá omi gbígbóná ni wọ́n fẹ́ tàbí títutù, lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni wọ́n á ní. Àgbàlagbà ni ilé-iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ náà máa ń gbé: orin jẹ́jẹ́, àwọn agbáwo tó wọ ìbọ̀wọ́ funfun, oúnjẹ tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ bí ìyàwó. Ọkọ̀ náà ń wọ ibi tí ti Alága kò lè wọ̀, àmọ́ kò dé ibi tí òkè náà gan-an wà. Ìtòsí rẹ̀ ló ń dé. Ìtòsí ni Onídìrí náà ń gbé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wọn.

Èmi mú ọkọ̀ kékeré. Kò ní sinimá, kò ní adágún, yàrá ìjẹun kan ṣoṣo ni gbogbo èrò ń lò. Bí omi bá ru, á máa mi èèyàn bí ẹni ń ku ìyẹ̀fun. Ó sì wọ́n ju àwọn méjì yòókù lọ, n kò parọ́ fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi. Àmọ́ á rọra gba ọ̀nà tóóró yẹn wọlé, á dúró síwájú òkè náà, wọ́n á sì pa ẹ́ńjìnnì. Bí ojú ọjọ́ bá dára, wọ́n á sọ ọkọ̀ rọ́bà kalẹ̀ kí èèyàn tún lè sún mọ́ ọn sí i.

Báyìí ni ìjà ṣe bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù. Alága á pe Onídìrí, Onídìrí á pè mí, èmi á pe Alága, màá sì sọ èyí tó wà nínú mi. Igi tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi kò léwé nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Alága fi máa pe ìpàdé sílé ìyá wa, ó ti léwé, ó sì ti ń wọ́ ọ.

Ọ̀sán Sátidé ni ìpàdé náà. Láti ṣọ́ọ̀bù ni mo ti lọ, ègé fóòmù ṣì wà nírun mi. Inú báàgì kan náà ni mo kó àwòrán ọkọ̀ mi àti àwọn bébà àpẹẹrẹ aṣọ àga tí mo fẹ́ lọ fi han oníbàárà sí. Mo bá ìyá wa lórí àga tí mo tún bò fún wọn ní oṣù tó ṣáájú. Ọjọ́ tí mo gbé àga náà wá, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ pa á láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ó dára, ọmọ mi." Ó dùn mí díẹ̀ pé wọn kò sọ nǹkan kan nípa àwọ̀ rẹ̀, torí gbogbo ìlú ni mo wá àwọ̀ yẹn dé.

Alága wúkọ́. "Mo kí gbogbo ilé," ni wọ́n wí, bí ẹni pé àwa mẹ́rin péré kọ́ la wà níbẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ti parí. Mo ti gba yàrá fún Màmá nínú ọkọ̀ ńlá."

"Ta ni ẹ bá sọ ọ́?" ni mo bi wọ́n.

"Ata, jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán."

"Irú yàrá wo ni?"

"Yàrá tó dáa. Inú lọ́hùn-ún ló wà, wọn kò tiẹ̀ ní mọ̀ pé omi ń ru."

"Ṣé ó ní fèrèsé?"

Alága yí ojú sí ògiri. "Kí ni wọ́n fẹ́ fi fèrèsé ṣe? Oorun ni wọ́n máa sùn níbẹ̀. Orí ọkọ̀ lóde ni èèyàn ti ń wòran."

Mo dìde dúró. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Inú yàrá tí kò ní fèrèsé ni obìnrin yìí ti fọ aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ kí ẹ tó di ọ̀gá ilé-ìwé. Ẹ wá wo gbogbo omi tó wà láyé, ẹ ò rí ibi tí ẹ máa fi wọ́n sí àfi yàrá tí kò ní fèrèsé. Ṣé ojú ò tì yín?"

"Ata, ní sùúrù," ni Onídìrí wí. "Ìbínú ò da nǹkan kan fún èèyàn."

"Ẹ gbé sùúrù yẹn lọ fún dókítà ojú, kó bá wa fi kún ọdún tó dá."

Alága na ìka sí mi. "Ọkọ̀ tí ò ń pariwo rẹ̀ yìí, bí igbá lójú odò ló rí. Ṣé inú nǹkan tó kéré báyẹn ni o fẹ́ gbé ìyá wa sí?"

"Abẹ́rẹ́ náà kéré. Adìẹ wo ló gbé e mì?"

"Ìwọ àti abẹ́rẹ́ ẹ. Màmá fúnra wọn ló yan ọkọ̀ ńlá. Mo gbé àwòrán rẹ̀ fún wọn, wọ́n ní ó wù wọ́n."

Onídìrí gbórí sókè. "Ẹ dúró ná. Èmi ni wọ́n sọ fún pé tèmi wù wọ́n."

"Irọ́ lẹ̀yin méjèèjì ń pa," ni mo wí, torí nínú yàrá yìí kan náà ni ìyá wa ti gbé àwòrán ọkọ̀ mi sọ́wọ́, tí wọ́n ní omi rẹ̀ mọ́ lóló.

A yíjú sí wọn. Wọ́n ń fi ọwọ́ pa apá àga, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ilé ẹlòmíràn là ń sọ. Wọ́n ní, "Gbogbo rẹ̀ ló wù mí. Ẹ̀yin ọmọ mi náà lẹ mú un wá."

Ìwà ìyá wa nìyẹn. Wọn kì í yan ti ọmọ kan ju ti èkejì lọ láéláé. Bí àwa mẹ́ta bá ya àwòrán nígbà tí a wà lọ́mọdé, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa ń dára jù. Ó ti mọ́ wa lára débi pé kò sí ẹni tó rò ó wò lẹ́ẹ̀mejì nínú wa. Èmi náà kò rò ó. Inú ló túbọ̀ bí mi.

"Rárá o," ni mo wí. "Lónìí, ẹ máa yan ọ̀kan." Mo ki ọwọ́ bọ báàgì, n kò tiẹ̀ wo inú rẹ̀. Mo fa bébà kan yọ, mo fi lé wọn lọ́wọ́. "Ọkọ̀ tèmi rèé. Ẹ wò ó dáadáa. Ṣé òun ni, àbí òun kọ́?"

Ìyá wa gbé bébà náà sún mọ́ ojú, wọ́n gbé e jìnnà, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Òun ni," ni wọ́n wí. "Omi yìí mọ́ lóló. Òkè funfun yẹn náà rèé lẹ́yìn rẹ̀."

Mo yíjú sí Alága láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Alága kò wò mí, bébà náà ni wọ́n tẹjú mọ́. Èmi náà wá wò ó. Àga ìrọ̀gbọ̀kú kan ló wà lórí rẹ̀, àga aláràn-án pupa, pẹ̀lú nọ́ńbà aṣọ rẹ̀ nísàlẹ̀. Kò sí omi níbẹ̀, kò sí òkè.

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Àwa jà títí, a ò ríran rárá.

Onídìrí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Màmá, kí lẹ rí lórí bébà yẹn?"

Ìyá wa gbọ́ bí ohùn náà ṣe rí. Wọ́n gbé bébà náà lé itan, wọ́n sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ. "Ó ti pẹ́ díẹ̀," ni wọ́n wí. "Mo ṣì ń mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Ìyókù ti lọ."

Inú bí mi, kí n má purọ́. Inú bí mi sí dókítà tó dá ọdún kan fún wa tí kò pé ọdún. Inú bí mi sí Alága, mo sì bínú sí ara mi jù wọ́n lọ. Ìyá wa gan-an ni mo wá jágbe mọ́.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ? Ẹ jókòó síbẹ̀, ẹ ń wò wá níran."

"N kò wò yín níran, Ata. Mo ń gbọ́ yín ni," ni wọ́n wí. "Ká ní mo sọ, ẹ ì bá ní kí n jókòó sílé. Ẹ ì bá ní kí ni afọ́jú fẹ́ lọ wò. Mo sì fẹ́ lọ."

Ohun tí Alága ì bá sọ gan-an nìyẹn. Ohun tí èmi náà ì bá sọ ni.

"Ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ń fọṣọ ti dé irú ibẹ̀ rí," ni ìyá wa tún wí. "Ó ní yìnyín yẹn máa ń ké tó bá ń là, pé atẹ́gùn ara rẹ̀ á máa tutù síni lójú. Ọkọ̀ wo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa sún mọ́ ọn débi tí mo fi lè gbọ́ ọ?"

Onídìrí ń fi ìborùn nu ojú. Mo fẹ́ sọ pé tèmi ni, Alága gbà á mọ́ mi lẹ́nu.

"Ti Ata ni," ni Alága wí. Wọ́n yọ fóònù lápò. "Nọ́ńbà àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré yẹn dà?"

Mo kà á fún wọn. Nígbà tí wọ́n gbé e níbẹ̀, Alága dìde, wọ́n fi ohùn tí wọ́n fi ń bá àwọn ọmọ ilé-ìwé wí sọ̀rọ̀. Wọ́n ní yàrá kan ni àwọn ń fẹ́, fún ìyá wa àti èmi àbúrò wọn obìnrin. Wọ́n tẹ́tí díẹ̀, ojú wọn sì le.

"N kò bi yín ní èyí tó dínwó," ni wọ́n wí. "Mo ní yàrá tó ní fèrèsé. Ìyá mi ò ní sùn sí yàrá tí kò ní fèrèsé mọ́. Ṣé ẹ gbọ́ mi?"

Ìyá wa gbé ọwọ́ sókè láti orí àga, wọ́n ní kí Alága dúró ná.

"Bi wọ́n," ni wọ́n wí, "bóyá fèrèsé náà ṣeé ṣí."