Jákẹ́ẹ̀tì Kì í Gboyè

Nínú ọ́fíìsì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lépa oyè ọ̀mọ̀wé jọ ń lò, aṣọ ló ń ṣàìsùn, kì í ṣe èèyàn. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, kálukú á fi jákẹ́ẹ̀tì kọ́ ẹ̀yìn àga, á fi iná tábìlì sílẹ̀ ní títàn, á sì yọ́ lọ sílé. Ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ wọn, tó máa ń fọ́nnu pé ẹni tó bá fẹ́ di èèyàn kì í sùn, á yọjú, á rí jákẹ́ẹ̀tì, inú ẹ̀ á dùn. Àga kan ṣoṣo ló máa ń ṣófo, ti obìnrin tí wọ́n sọ ní Ìyá Oorun.

Orúkọ yẹn ò dùn ún rárá, torí ó mọ ohun tójú òun ti rí. Lọ́dún àkọ́kọ́, ó ń kàwé mọ́jú, ó sì ní òun ò ní pa eré tí òun máa ń sá láàárọ̀ jẹ. Àfi ìgbà tí oorun gbé e lọ lórí eré, gbì! Ó fẹnu gbá òpó iná, eyín iwájú kan sì bá a lọ. Ó búra lọ́jọ́ náà pé òun ò ní fi ìwé sílẹ̀, òun ò ní fi eré sílẹ̀, ṣùgbọ́n oorun ni yóò kọ́kọ́ gba ìpín tiẹ̀. Bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ bá ti lù, fóònù á kú, òun náà á kú sórí bẹ́ẹ̀dì. Láàárọ̀ á sáré, lẹ́yìn náà ló máa wá dojú kọ àwọn búlọ́ọ̀kù tó ń fọ́ fún ìwádìí ẹ̀, láti mọ ìdí tí ògiri fi máa ń sán.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀gá wọlé, ó dúró sẹ́yìn àga ẹ̀, ó ń fi ìka lù ú.

“Mo wá lálẹ́ àná, o ò sí níbí. Jákẹ́ẹ̀tì àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ wà. Bí àga yìí bá tún ṣófo, mi ò ní fọwọ́ sí ìwé tó máa jẹ́ kó o ṣe ìdánwò àṣekágbá. Wàá tún lo ọdún kan sí i.”

Ọdún mẹ́rin tó ti fi ń fọ́ búlọ́ọ̀kù! Ẹ̀rù ba Ìyá Oorun, ṣùgbọ́n ìbínú ẹ̀ ju ẹ̀rù lọ. Bùrọ̀dá Àgbà, ẹni tó ti pẹ́ jù láàárín wọn, ń ṣẹ́jú sí i pé kó bẹ̀bẹ̀. Bẹ̀bẹ̀ kẹ̀? Ta ló jí nǹkan?

“Ẹ má bínú o, ọ̀gá. Ṣé jákẹ́ẹ̀tì mi lẹ fẹ́ kó gboyè ni, àbí èmi?”

Ẹnì kan fi ikọ́ bo ẹ̀rín.

“Èmi tí mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀ yìí,” ọ̀gá figbe ta, “ibí nilẹ̀ ń mọ́ bá mi! Títí kan òní!”

“Mo sáré gba ẹ̀yìn fèrèsé yín kọjá láàárọ̀ yìí, sà. Iná yín ń tàn. Mo rí kóòtù lórí àga, mo rò pé ẹ̀yin ni, mo kúnlẹ̀ kí i.” Ó rẹ́rìn-ín, àlàfo eyín ẹ̀ hàn. “Kóòtù ò dáhùn.”

Bùrọ̀dá Àgbà ló kọ́kọ́ dìde. Ó mú jákẹ́ẹ̀tì ẹ̀ kúrò lẹ́yìn àga, ó wọ̀ ọ́, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ooru ń mú. Àwọn yòókù ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀gá wo ẹ̀yìn àwọn àga tí ò ní jákẹ́ẹ̀tì mọ́.

“Gbé ìwé ọ̀hún wá kí n fọwọ́ sí i,” ó ní, ohùn ẹ̀ ti wálẹ̀. “Aago márùn-ún ìdájí ọ̀la. Má pẹ́ o.”

“Aago mẹ́jọ, sà,” ni Ìyá Oorun wí, ó ń ki bàtà eré ẹ̀ bọ inú báàgì. “Mo máa sùn, mo sì máa sáré. Ẹ̀yin náà, ẹ sùn dáadáa.”