Àpótí Tó Wà Lórí Búlọ́ọ̀kù

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kejì ọdún 2024, ọjọ́ Sátidé, Tísà Fálẹ́yẹ, tó ń kọ́ mi ní fọ́líbọ́ọ̀lù, gbé àpótí tí ìyá rẹ̀ ń jókòó lé nígbà ayé rẹ̀ wá sí ẹ̀yìn sítọ́ọ̀ kòkó kan ní Ìkẹ́rẹ́. Ó gbé e sílẹ̀ lẹ́yìn mi, ó ní kí n lóṣòó títí ìdí mi yóò fi kàn án. Irin wà léjìká mi. Páìpù omi ni irin náà, wọ́n fi agolo tí wọ́n rọ kóńkéré kún sí i ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Òṣùwọ̀n kòkó la fi wọ̀n ọ́n: ogójì kílò.

"Kàn án ni mo wí, mi ò ní kí o jókòó," ni Tísà wí. "Bí o bá jókòó, o ti sinmi nìyẹn. Ùsàlẹ̀, Yéjídé! Ùsàlẹ̀!"

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni Tísà. Mi ò gbọ́ kí ó pe ìsàlẹ̀ ní ìsàlẹ̀ rí. Mercy, tí a jọ ń gbá fọ́líbọ́ọ̀lù, gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń pè mí ní Ùsàlẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Mo lóṣòó lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀keje, mi ò lè dìde mọ́. Àwọn méjèèjì ló gbé irin kúrò lọ́rùn mi.

Ohun tí à ń lé ni pé ẹgbẹ́ fọ́líbọ́ọ̀lù obìnrin kan ní Àkúrẹ́ ń wá ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni tí wọ́n bá mú yóò ní yàrá àti ibùsùn, wọ́n á sì máa bọ́ ọ. Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹrin ni ìdánwò. Wọ́n á so rìbọ́nù sókè. Ẹni tó bá fò tí ọwọ́ rẹ̀ kò kàn án, ilé ló ń lọ. Tísà mọ bí rìbọ́nù náà ṣe ga tó, ó sì fi ọ̀dà pupa fa ilà síbẹ̀ lára ògiri sítọ́ọ̀. Mo fi ẹfun pa ìka mi, mo fò. Ó ku ìbú ìka mẹ́fà kí ọwọ́ mi kan ilà pupa.

Ẹni ogún ọdún ni mí. Ilé ẹ̀rọ gaàrí Ìyá Bísọ́lá ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ náà ni mo sì ń sùn, lórí bẹ́ǹṣì kan tí ìbú rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ mẹ́ta lọ. Ó ti di oṣù mọ́kànlá. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti já bọ́ láti orí rẹ̀. Bí mo bá kúrò lọ́dọ̀ Tísà nírọ̀lẹ́, ilé-ẹ̀kọ́ àṣálẹ́ ni mò ń gbà lọ, pẹ̀lú ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ nínú irun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mi ò lè kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni. Ìdí ń ro mí, inú itan ń ro mí. Mo rọra tẹ̀ díẹ̀ níwájú Ìyá Bísọ́lá, mo sì nàró.

"Ẹn-ẹ́n, Yéjídé. Ṣé kí èmi wá kúnlẹ̀ fún ẹ ni?"

"Ẹ má bínú, mà. Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí."

"Ṣé ẹsẹ̀ lo fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ni?"

Mo sọ ọ́ fún Tísà. Inú rẹ̀ dùn. "Ibi tó ń dùn ẹ́ yẹn gan-an là ń wá," ó ní. "Bí o bá tẹ̀ díẹ̀, iwájú itan nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Iṣan ìdí ló ń ti èèyàn kúrò nílẹ̀, ó sì ń sùn. Àfi kí o lọ sílẹ̀ débi tí yóò ti nà, kó tó jí."

Mercy ní orúnkún mi á fọ́. Mo rántí pé ìyá mi ti fi ọgbọ̀n ọdún lóṣòó fọ́ kòkó ní oko wa ní Ìṣẹ́, orúnkún rẹ̀ ò sì fọ́.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta, irin ti di kílò márùndínláàádọ́ta, ìka mẹ́rin ló sì kù lára ògiri. "Ìka méjì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta," ni Tísà wí. "Ọ̀sẹ̀ méje ló kù. Ẹ fúnra yín ṣírò rẹ̀." Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, wọ́n pè é láti Ògòtún pé àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kó tó wọkọ̀, ó ní, "Ẹ má yí àpótí padà o. Kílò á gòkè fúnra rẹ̀."

Mercy kò tilẹ̀ fẹ́ràn àpótí náà tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ kejì tí Tísà lọ, ó wọ́ bẹ́ǹṣì kan tó ga ju àpótí lọ wá, ó ń fìdí kàn án pẹ̀lú ọgọ́rin kílò léjìká. Àwọn ọlọ́kadà tó wà lójú títì pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú márùndínláàádọ́ta, mò ń gbọ̀n.

"Ùsàlẹ̀," ni Mercy wí, "ṣé báàgì ilé-ìwé lo gbé kọ́rùn yẹn ni?"

Àwọn ọlọ́kadà rẹ́rìn-ín. Ní ilé-ẹ̀kọ́ àṣálẹ́ lọ́jọ́ náà, mi ò gbọ́ ohun tí olùkọ́ sọ. Ọjọ́ ni mò ń kà sẹ́yìn ìwé mi.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta, ọjọ́ mẹ́rìnlélógójì ló kù. Mo gbé búlọ́ọ̀kù kan, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo gbé àpótí lé e lórí. Mo sọ fún ara mi pé Tísà ní kí a má yí àpótí padà, mi ò sì yí i padà. Lọ́jọ́ náà gan-an mo gbé ọgọ́ta kílò. Àwọn ọlọ́kadà pàtẹ́wọ́ fún èmi náà. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, mo fi búlọ́ọ̀kù kejì kún un.

Ara mi ò ro mí mọ́. Mò ń kúnlẹ̀ kí Ìyá Bísọ́lá dáadáa láràárọ̀, ó sì ń yìn mí pé orí mi ti pé padà. Irin di ọgọ́rin, ó di márùndínláàádọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ìka mẹ́rin ló ṣì kù lára ògiri. Mo ní ẹfun ni kò dára, mo pààrọ̀ ẹfun. Mo bọ́ bàtà, mo fi ẹsẹ̀ lásán fò. Mò ń fò kí n tó jẹun, mò ń fò bí mo bá jẹun tán, mo fò lẹ́yìn ìsìn Àjíǹde pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn. Ìka mẹ́rin.

Tísà pè mí lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan.

"Àpótí ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀, sà."

"Kílò ńkọ́?"

"Ó ń gòkè, sà."

"Ògiri ńkọ́?"

"A ò tíì wò ó, sà."

Ogúnjọ́ oṣù Kẹrin ló dé. Mo sáré pàdé rẹ̀, mo fi orúnkún méjèèjì gúnlẹ̀, mo kí i, mo fò dìde. Ẹsẹ̀ mi ló ń wò.

"Tún un ṣe."

Mo tún un ṣe.

"Kò dùn ẹ́ rárá?"

"Rárá, sà."

"Ìgbà wo lo gbé irin kẹ́yìn?"

"Àná, sà. Kílò márùndínláàádọ́rùn-ún."

"Àná," ó ní. Ó kọjá lára mi, ó lọ sẹ́yìn sítọ́ọ̀. Ó bá àpótí ìyá rẹ̀ lórí búlọ́ọ̀kù méjì. Ó gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó fi áńkáṣíìfù nu eruku rẹ̀.

"Ta ló gbé e sókè?"

Mercy ń wo ojú títì. "Èmi ni, sà," ni mo wí.

"Ó dàbí ẹni pé márùndínláàádọ́ta kéré lójú rẹ. Kí ló dé tí o ò sọ fún mi? O kàn dákẹ́."

Ó gbé àpótí sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní kí n fi ọgọ́ta kàn án. Mo sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí búlọ́ọ̀kù máa ń dé, ó rọrùn. Nígbà tí mo kọjá ibẹ̀, kò sí nǹkan kan nínú ẹsẹ̀ mi mọ́. Wọ́n gbé e kúrò lọ́rùn mi bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Tísà kò pariwo. Ó ní ọjọ́ méje kò lè kọ́ iṣan lóhun tuntun, ó kàn máa rẹ̀ mí ni, kí n lọ sinmi.

Ní Àkúrẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fò. Ìka márùn-ún ló kù fún Mercy. Ó fi èmi àti ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Òun ti ní yàrá tirẹ̀ nílé. Ọmọ Èmùré kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín fò lẹ́ẹ̀kan, rìbọ́nù mì. Èmi fò lẹ́ẹ̀mẹta. Èyí tó ga jù nínú rẹ̀, ìka mẹ́ta ló kù.

Mo sùn sórí bẹ́ǹṣì lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógójì tí àpótí fi wà lórí búlọ́ọ̀kù ni mo pàdánù, àti yàrá náà.