Òkú Tó Ń Jẹ́ Sìrájù

Wọ́n pe orúkọ mi lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìdánwò, ẹlòmíràn ló dáhùn.

Ọdún 1984 ni, mo jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá. Ìwé ìbí mi, èyí tí àwọn ará Abidjan níbí ń pè ní extrait, ti pòórá nínú àpótí páànù ìyá mi láti oṣù kìíní, bàbá mi sì ti sọ pé kò sí ìwé, kò sí ìdánwò. Mo kàn lọ dúró lẹ́yìn ọgbà láti wo àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó ń lọ ṣe ìdánwò àṣewọ girama ni. Ọ̀gá kan tó wọ awò ojú kígbe pé, "Adélànà Kàmíl!" Kí n tó lanu, Sìrájù, ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ bàbá mi, nawọ́ sókè. Ó ní, "Présent," ó sì wọlé.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí Sìrájù sí. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kó tó wá bá wa ní Abidjan, kò sì ní ìwé kankan. Treichville níbẹ̀ ni wọ́n bí èmi sí. Ìwé kan ló wà nínú ilé fún ọmọkùnrin méjì. Mo sáré lọ bá bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Adjamé, níbi tó ti ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó pẹ́ kó tó lanu. Ó wá ní, "Ṣé kì í ṣe ọmọ mi ló wọlé? Jókòó, máa to nọ́ọ̀tì." Ibẹ̀ ni ìwé kíkà mi parí sí.

Sìrájù fi orúkọ mi wọ yunifásítì, ó fi gba iṣẹ́ ìjọba, ó ń fi í gbé Cocody, àdúgbò àwọn olówó. Nígbà tí èmi náà dàgbà tí mo nílò káàdì ìdánimọ̀, orúkọ tirẹ̀ ni bàbá mi bá mi fi gbà á lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn ará ìlú wa: Sìrájù Adélànà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. N kò tí ì fi ẹsẹ̀ tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ rí. Orúkọ yẹn ló wà lórí ìwé ìbí àwọn ọmọ mi.

Èmi kì í gbàgbé. Lọ́jọ́ tí a sin bàbá wa ní 2006, mo ní kí Sìrájù sọ ohun tó ṣe níwájú ẹbí. Ó wò mí bíi pé orí mi ti dàrú. Ó ní, "Mi ò mọ ohun tí ò ń sọ." Láti ọjọ́ náà n kò dé ilé rẹ̀, kò dé ilé mi. N kò sì padà sí ibi sàréè bàbá mi, nítorí òun ló gba ìwé ọmọ kan fún ọmọ kejì.

Ọjọ́ Sunday kan, Ràdíyàtù, àkọ́bí mi, fa àga sún mọ́ mi ní ẹnu ọ̀nà ilé wa ní Attécoubé. Ó ti yege nínú ìdánwò àwọn olùkọ́, wọ́n ń yẹ ìwé rẹ̀ wò lọ́wọ́ ní ọ́fíìsì ìjọba kí wọ́n tó gbà á síṣẹ́.

"Papa, ẹ jókòó dáadáa. Mo fẹ́ ya igi ìdílé wa."

"Igi wo?"

"Lórí ayélujára ni. Ara ẹni lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Á kọ bàbá àti ìyá ẹ̀, á wá gòkè sí bàbá àgbà. Ohun tí kò bá mọ̀, á bi àgbà."

Hàbíbà ìyàwó mi ń ṣa ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó ní, "Bi bàbá rẹ dáadáa o. Gbogbo ẹni tó ti ṣẹ̀ ẹ́ láti ìgbà tó ti ń mu ọmú ló mọ orúkọ wọn."

Ràdíyàtù ní ẹni tó bá wà láàyè, wọn yóò bo orúkọ rẹ̀, ẹni tó ya igi nìkan ni yóò máa rí i. Ṣùgbọ́n orúkọ àwọn òkú wà ní gbangba fún gbogbo ayé. Ó kọ ara rẹ̀. Ó kọ mí ní Sìrájù bó ṣe wà nínú ìwé rẹ̀, n kò tún un ṣe. Ó kọ bàbá mi àti ọdún tó kú. Fóònù náà dún.

"Papa! Wọ́n ní ẹnìkan ti kọ bàbá àgbà síbẹ̀ ṣáájú wa!"

Ó tẹ̀ ẹ́. Àwòrán bàbá mi jáde, pẹ̀lú fìlà funfun rẹ̀. Àpótí kékeré méjì wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n bo ọ̀kan: ẹni tó wà láàyè. Èkejì ṣí sílẹ̀ gbayawu: *Sìrájù Adélànà. Ògbómọ̀ṣọ́ 1969, Abidjan 1984.*

Ràdíyàtù bú sẹ́rìn-ín. "Papa, wọ́n ti pa yín!"

Hàbíbà ní, "Òkú tó jẹ àwo ìrẹsì méjì lọ́sàn-án yìí!"

N kò lè rẹ́rìn-ín. Orúkọ tí wọ́n sọ mí nígbà tí wọ́n bí mi ti wà lọ́rùn ẹlòmíràn. Èyí tó wà nínú káàdì mi ti kú láti ogójì ọdún. Mo wá ara mi lórí igi yẹn, n kò rí ara mi.

Mo ní, "Pa á. Pa fóònù yẹn!"

Ó ti pẹ́ jù. Ó ti kọ̀wé sí ẹni tó ya igi náà pé Sìrájù, bàbá òun, kò kú. Kí oòrùn tó wọ̀, èsì dé. Siddiqah lorúkọ ẹni tó kọ ọ́: *Papa mi sọ pé ibà ló pa Sìrájù, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ta ló ń lo orúkọ òkú?*

Ràdíyàtù gbójú sókè. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Papa, ta ni yín gan-an?"

"Bàbá rẹ ni mí," mo ní, mo sì dìde lọ kọjú sí ọ̀sà tó wà nísàlẹ̀ ilé wa.

Lọ́jọ́ Monday, ọlọ́pàá dá gbaka, bọ́ọ̀sì kékeré tí mo wọ̀, dúró lójú ọ̀nà Adjamé, wọ́n ní kí oníkálukú mú ìwé jáde. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń mú káàdì yẹn jáde fún ọlọ́pàá bí ẹni mú obì jáde. Lọ́jọ́ yẹn, ó já bọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì. Ọkùnrin náà wo káàdì, ó wò mí, ó tún wo káàdì, ó dá a padà. Ní ṣọ́ọ̀bù, gbogbo ẹni tó bá gbé fáìlì kọjá, mo máa ń rò pé láti ọ́fíìsì ló ti wá. Mo ń gbọ́ ìbéèrè tí wọn yóò bi ọmọ mi: bàbá rẹ kú ní 1984, báwo ló ṣe bí ọ ní 2001?

"Papa, kò sẹ́ni tó ń wo ibẹ̀ ní ọ́fíìsì," Ràdíyàtù wí. Ṣùgbọ́n òun náà kò jẹun mọ́.

Ogójì ọdún ni mo fi ń gbàdúrà kí àṣírí yìí tú. Ìgbà tó wá fẹ́ tú, ó dà bíi kí n fi ọwọ́ méjèèjì tì í padà.

Hàbíbà ní, "Bàbá Ràdíyà, ẹ pè é."

"Ẹni tó pa mí ni kó pè mí."

"Ọmọ yín ni ọ̀rọ̀ yìí máa gbé lọ o!"

Mo mọ̀. N kò pè é.

Lọ́jọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun àsárì, mo gbọ́ bàtà lórí àtẹ̀gùn tó sọ̀ kalẹ̀ sí àgbàlá wa. Kì í ṣe sílípáàsì, bàtà gidi ni. Mo sá sẹ́yìn kọ́tìnnì, èmi àgbàlagbà.

"Ẹ nílé o. Ṣé ibí ni Adélànà ń gbé?"

Mo mọ ohùn náà. Mo jáde.

Sìrájù ti hewú. Àtẹ̀gùn ti gba èémí rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó di fóònù mú dúró lẹ́yìn rẹ̀, imú bàbá mi ló wà lójú rẹ̀ yẹn. Sìrájù wo ọ̀tún, ó wo òsì, kó tó rọra sọ pé, "Kàmíl. Sọ fún ọmọ rẹ kó yọ igi tó yà yẹn kúrò. Tí wọ́n bá rí i níbi iṣẹ́ mi, mo ti parí."

Ràdíyàtù gbọ́ orúkọ tó fi pè mí. Ó rọra jókòó.

"Ìwọ lo pa mí," mo ní.

Hàbíbà pariwo. "Bàbá Ràdíyà! Ẹ̀gbọ́n yín lẹ̀ ń pè ní 'ìwọ'?"

"Òkú kì í mọ ẹ̀gbọ́n." Mo kọjú sí i. "Sọ ọ́."

"Sọ kí ni?"

"Ohun tí mo ní kí o sọ lọ́jọ́ ìsìnkú."

Bó bá sọ ọ́, ìwé ọmọ mi lè wó, tirẹ̀ náà lè wó. Bí kò bá sọ ọ́, òkú ni mí títí ayé. Ó kù díẹ̀ kí n ní kó dákẹ́. Agídí ló dì mí mú.

Siddiqah, ọmọbìnrin rẹ̀ yẹn, ló sọ̀rọ̀, Yorùbá rẹ̀ ń kọsẹ̀. "Papa, c'est qui, ta ni Sìrájù? Ibà pa á, ẹ sọ. Sàréè ẹ̀ dà? Mo bi yín láti Sunday."

Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí tí Hàbíbà ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò lórí rẹ̀.

"Kò sí sàréè," ó ní. "Kàmíl, o rò pé Bàbá ló fún mi ní ìwé yẹn. Bàbá kọ́. Ọ̀gá ilé-ìwé mi ní kí n wá ìwé ìbí èyíkéyìí wá. Ìyá rẹ ń sá aṣọ níta, mo ṣí àpótí rẹ̀, mo mú un, mo tì í sínú ṣòkòtò mi. Bàbá ò mọ̀ títí ọjọ́ tí o sáré wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Ó lù mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó wá ní òun ò lè fi ọmọ kan sẹ́wọ̀n torí ọmọ kejì."

Mo rántí bí bàbá mi ṣe pẹ́ kó tó lanu. Mo rántí sàréè tí n kò padà sí.

"Sọ ọ́ sókè," mo ní. "Àwọn ọmọ ni kó gbọ́."

Ó dìde. Àwọn ará àgbàlá ti ń yọjú. Ó rí wọn, kò rẹ ohùn sílẹ̀.

"Siddiqah, yọ ọdún ikú yẹn kúrò. Sìrájù ò kú. Èmi ni Sìrájù. Kàmíl nìyí. Èmi ni mo jí orúkọ ẹ̀."